Orí ni kó kọ́kọ́ rò ó kí fóònù tó dá sí i: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti tíṣà sọ ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí síta torí àwọn tí kò ráyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, n ò yọ ibi tínú ti bí mi kúrò, n ò sì yọ ibi tí wọ́n ti já lu ọ̀rọ̀ mi kúrò, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àlọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní "Àlọ́ o!", gbogbo ilé dáhùn "Àlọ̀!" Mo ní òkun ń hó yeee, ọ̀sà ń hó yeee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́, kí ni o? Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú, kò ní ju SS1 lọ, ti kiwọ́ bàpò, fóònù ti jáde. Bàbá àgbà kan lẹ́yìn ẹ̀ ní "Gbé e padà, ìwọ ni wọ́n bi, wọn ò bi fóònù ẹ." Ló bá gbé e padà, ó wòkè, ó ní "ọkọ̀ ojú omi ni", a ní rárá. Ó ní "ẹja ni", àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún ń rò ó, ọwọ́ ẹ̀ ti ń ro nǹkan lófuurufú bí ẹni ń ro àmàlà, àfi gbà tó pariwo "Orógùn!" Ẹ ò rí àtẹ́wọ́! Ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kẹ́nu ẹ̀ tó sọ ọ́.

Mo ní ẹ̀yin òbí, ohun tí mo wá sọ nìyẹn, ẹ ti fojú rí i. Ìgbà tọ́mọ yẹn wòkè, tó dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, tó dárúkọ ẹja, tí kò gbà á, ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Fóònù ò burú, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ó yára jù, ìbéèrè ò tíì wọ ọmọ lórí tó ti já ìdáhùn lé e lọ́wọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà lèyí. Lọ́dún 2006 Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ti Washington University ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n fún wọn níwèé kékeré kan kà. Àwọn kan kà á tán, wọ́n tún un kà. Àwọn kan kà á tán, wọ́n gbàwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Ẹ dúró ná o. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dán àwọn mìíràn wò tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn tó fi orí ara wọn fà á yọ ló wá rántí jù, wọ́n sì fi àwọn tó ku sílẹ̀ gan-an. Ọmọ tó ń wo fóònù láti òwúrọ̀ dalẹ́, àkàtúnkà ló ń ṣe, ó ń rò pé ó ti yé òun torí pé ó wà níwájú òun, ó dọjọ́ WAEC kó tó mọ̀ pé ojú ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, orí ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn babaláwo ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ yunifásítì sílẹ̀ Yorùbá. Odù Ifá 256, ẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò lónkà, orí ni wọ́n ń kó o sí. Lọ́dún 2013 tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ girama, tí ìwé àti ìbéèrè WAEC àti JAMB wà nínú ẹ̀, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn wù mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ṣé ọpọ́n Ifá ló ń dá ọ̀rọ̀ sọ ni? Tẹ́ ẹ bá gbé ọpọ́n fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ awo, igi tí wọ́n gbẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sáwọn tó ń gbé áàpù kiri láti ilé ìwé dé ilé ìwé, tí wọ́n ń sọ fún òbí pé ẹ ṣáà sanwó, ọmọ yín á mọ̀wé. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wà ní SS2. Tíṣà Biology ni mí, láti ìgbà tí GSM ò tíì dé ní 2001 ni mo ti ń kọ́ ọ. Wọ́n fún ọmọ yìí ní àsáìmẹ́ńtì, kó ṣàpèjúwe ẹja kan tó wà lágbègbè ẹ̀ àti bí ara ẹja náà ṣe bá omi ibẹ̀ mu. Mo yọjú wo ìwé ẹ̀, salmon ló kọ! Ẹja odò tútù ní Kánádà! Fóònù ló sọ fún un. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ o, ìyá ìyá ẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ yẹn tó ń tún òbòkún ṣe láti yan. Mo ní fi fóònù sílẹ̀, lọ bá ìyá àgbà. Màmá mi ò bá a sọ gírámà kankan, wọ́n kàn gbé òbòkún kan lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó fọwọ́ ra á lára. Ara ẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́. Irun ẹnu rèé yí ẹnu ẹ̀ ká. Wọ́n ní kó ṣọ́ra fún ẹ̀gún, ọ̀kan wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n wá ń ṣẹ́ wọn, kà, kà, kà. Ọmọ béèrè pé "Ìyá àgbà, kí ló ń fi ẹ̀gún ṣe?" Màmá ní "Ìwọ gbé e mì kó o rí i." Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ìdáhùn Biology nìyẹn, kò sí èyí tó jù ú lọ, ohun tó bá fẹ́ gbé e mì á pọ̀ ọ́ jáde ni. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló wá ro ti irun ẹnu, ó ní omi ọ̀sà wa máa ń rú, ojú lè má ríran nínú ẹrẹ̀, àfi kó máa fi irun yẹn tá oúnjẹ rí. Ìgbà yẹn ni mo ní ó yá, gbé fóònù, wá Chrysichthys, orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe òbòkún. Ó wá ń kà á bí ẹni rí ojúlùmọ̀, ó ń sọ pé "wọ́n gbàgbé eléyìí".

Bí mo ṣe ń múra láti kọjú sáwọn tó ní ká gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ pátápátá (mo ti di ìròyìn UNESCO ti 2023 mú, èyí tó ní orílẹ̀-èdè tó fòfin de fóònù nílé ìwé nígbà yẹn ò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́rin), ìyá kan dìde láàárín èrò. Ọjà ẹja Olúwo ló ti ń tajà. Ó ní:

"Tíṣà, ẹ ṣé o, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ń sọ ọ́ bíi pé fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa, èmi ni mo ni ín, òun ni àwọn oníbàárà fi ń pè mí láti Èkó. Ó ń bá mi lọ sọ́jà kílẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni mò ń gbé e dé, bátìrì á ti kú, iná ò ní sí. Àwọn tíṣà sì ń fi àsáìmẹ́ńtì sórí WhatsApp láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kó tó di aago mẹ́jọ kí gbogbo wọn ti fi ránṣẹ́. Wọ́n na ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi kì í ṣọ̀lẹ."

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ká bébà mi. Mo bi wọ́n pé ilé ta ló jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, kí wọ́n nàwọ́. Ọwọ́ tó gòkè ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi náà ti ṣe é. Ní March 2020 tí wọ́n ti ilé ìwé pa torí Kòrónà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lórí rédíò, ni púpọ̀ nínú wa kó àsáìmẹ́ńtì sórí WhatsApp. Ilé ìwé ṣí padà, WhatsApp ò padà síbi tó ti wá. Rédíò, ẹyọ kan ni gbogbo ilé á pé lé lórí, kì í jẹ dátà. Dátà ọ̀hún rèé, January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó lé e, ó lè tó ìdá 50 nínú 100. Èmi wá jókòó mò ń wàásù pé kọ́mọ má tètè wo fóònù, ọmọ tí kò rí i wò ńkọ́? Ìyà ọ̀tọ̀ nìyẹn, tíṣà ló sì ń fi jẹ ẹ́. Ohun tí mo sọ nípa orí, mi ò gba ọ̀rọ̀ mi padà, àmọ́ ó yẹ kó kan àwa tíṣà kó tó kan ọmọ: kí ló dé tí ìbéèrè ò lè wà lójú bọ́ọ̀dù, kọ́mọ dà á kọ, kó máa rò ó bọ̀ wálé?

Àkókò ti lọ báyìí, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti ń mi kọ́kọ́rọ́. Èyí tó kù, mo sáré sọ ọ́. Láti 2015 JAMB ò gba bébà mọ́, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀, ọmọ ìyá Olúwo náà máa jókòó síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìdánwò ló máa kọ́kọ́ di máòsì mú, torí náà kí kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé jáde síta. Fóònù ò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn. Tẹ́tẹ́ orí fóònù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú fóònù ọmọ yín lálẹ́ òní. Ti fífi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ níwèé, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, mo ti pinnu láti sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú kan ni mo rí lò.

Nígbà tá a jáde, tíṣà Maths kan lọ bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fa fóònù yọ láti gba nọ́ńbà ẹ̀, ó tún dá a padà sápò, ó ní "Màmá, láti Monday, tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, àsáìmẹ́ńtì á ti wà lójú bọ́ọ̀dù." Ìyá náà ní "Monday wo?" Ó ní "Èyí tó ń bọ̀ yìí." Ìyá náà ní òun á yà wò ó bí òun bá ń ti Olúwo bọ̀.