Lẹ́tà Ló Gba Ọkàn Rẹ̀ Tán: Ìwé Kíkà fún Akanda Ẹ̀dá àti Ẹni Tó Ní Àárẹ̀ Ọpọlọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́ àti òbí ní Òṣogbo. Mo ti yọ díẹ̀ lára ibi tí mo ti pariwo jù, àmọ́ n kò yọ gbogbo rẹ̀.)

Alága, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹ ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn fèrèsé yìí? Láti ìgbà tí wọ́n ti tan án, ìdajì yín ni kò gbọ́ mi mọ́. Síbẹ̀, ẹnì kankan kò tíì pè yín ní olódo.

Tí ọmọ tó ní dyslexia (ìṣòro tó ń mú kí dídá lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú ìwé le fún èèyàn), tàbí àgbàlagbà tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ, bá jókòó ti ìwé tí kò lè kà, ohun tí à ń sọ ni pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o! Lẹ́tà ló gbà á tán. Ní 1974, LaBerge àti Samuels, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìfọkànsí èèyàn ní ìwọ̀n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ń ná gbogbo rẹ̀ sórí dídá lẹ́tà mọ̀, kò sì ní ṣẹ́ ku èyí tí yóò fi mọ ohun tí gbólóhùn ń wí. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kà kì í ná nǹkan kan sórí lẹ́tà mọ́. Ẹ rántí ìdánwò Stroop ti 1935 tí a kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: wọ́n fi tàdáwà aláwọ̀ ewé kọ “pupa”, wọ́n ní kí ẹ dárúkọ àwọ̀ tàdáwà, ahọ́n yín á kọ́kọ́ sáré sí “pupa”. Kíkà ti mọ́ yín lára débi pé kò tọrọ àyè lọ́wọ́ yín mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ ibi tí mò ń lọ: àmì ohùn. Ẹnu mi kì í kúrò níbẹ̀.

Mo kọ́ ọkùnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún, télọ̀ ni, àárẹ̀ ọpọlọ ló gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé kò lè fọkàn sí nǹkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbé gbólóhùn kan síwájú rẹ̀: “Iya ra igba igba ni igba kan.” Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni ń wọn aṣọ. Ó dé igba kejì, ó dúró bí àlejò tó dé oríta tí kò rí ẹni bi léèrè ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó ń wo òde. Ẹ̀yin ará, ṣé ọkàn ló kúrò ni, àbí ọ̀nà ló dí? Mo fi bírò tún un kọ, gàdàgbà: “Ìyá ra igba igbá ní ìgbà kan.” Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, kí ni ìyá fẹ́ fi igba igbá ṣe?”

Àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí, n kò ní í wo ibi tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń sọ pé àmì ń dọ̀tí ojú ìwé, pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀yin á mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ìfọkànsí tẹ́ ẹ lè fi ṣòfò. Ẹni tí oògùn ń kùn lóorun kò ní in. Láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, ẹ wo àwọn pátákó tí wọ́n kọ Yorùbá sí, kẹ́ ẹ wá sọ iye tó ní àmì fún mi.

Alága ti ń na aago sí mi. Kí n sáré. Àkàtúnkà dára: Samuels kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1979, ó lò ó fún àwọn ọmọ tí nǹkan kì í tètè yé: wọ́n ń ka àyọkà kékeré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín 50 sí 200 ní àkàtúnkà, títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ béèrè àsìkò tí wọ́n ń lo oògùn kẹ́ ẹ tó yan àsìkò ẹ̀kọ́. Ti Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, di ọjọ́ mìíràn.

Kí n tó jókòó, ìyá kan nawọ́ lẹ́yìn. “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi gan-an lẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, mo ń gba ìtọ́jú. Ìyá tó ra igbá kò kàn mí. Èyí ni mo fẹ́ kà.” Ó yọ páálí oògùn nínú báàgì. Ẹni tó tà á fún un ti fi bírò kọ “1x2” sí i lára. “Ọmọ mi ló ń kà á fún mi, ó sì ti padà sí Èkó.”

Mo wò ó. Kò sí ibi tí èèyàn lè fi àmì ohùn sí. Mo gbé e kiri àwọn tíṣà ìlà iwájú: hóró kan lẹ́ẹ̀mejì ni, àbí méjì lẹ́ẹ̀kan? Tíṣà mẹ́rin, ìdáhùn mẹ́ta! Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín wa ló là á: kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Gbogbo ìwé tí mo kó wá láti fi parí ọ̀rọ̀ mi, inú àpò ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Páálí yẹn la kọ́.

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: “Kan láàárọ̀, kan lálẹ́.” Ìyá fi ìka kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìka kúrò. Ó wá da páálí náà padà fún mi, ó ní “lálẹ́” mi ti kéré jù, àti pé alẹ́ ni ojú òun kì í ríran dáadáa. Mo tún un kọ, gàdàgbà.