Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Mú Ajá Gun Òkè

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ojúmọ́ ire ló mọ́ wa. Ìwé Òwe, orí 12, ẹsẹ 10, kọ́ wa pé olódodo a máa ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ti lé ní 600 kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòdé, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó ga fíofío. Bó bá rẹ ènìyàn, á ní ó rẹ òun. Ajá kò ní wí nǹkan kan. Ìfẹ́ alájá ni yóò máa fi rìn títí tí yóò fi ṣubú.

Olúwa, fún wa ní ojú tí ń rí àárẹ̀ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Àmín.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń gba ajá wọlé. Ẹ má fún un lóúnjẹ láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí ẹ tó gbéra: ikùn ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, bí Alsatian, lè wú kó sì lọ́ pọ̀, ikú sì ni, bí dókítà ẹran kò bá tètè rí i. Okùn tó gba àyà àti èjìká ni kí ẹ so, nítorí bó bá ń fà lórí àtẹ̀gùn, ti ọrùn á fún un lọ́fun. Mítà kan àbọ̀ ti tó fún okùn tí ẹ ó dì mú. Ẹ má wé e mọ́ ọwọ́ o! Alángbá kan ṣoṣo tó bá sá kọjá lè fa tajátènìyàn ṣubú. Ẹ gbé omi lítà kan fún ajá nìkan, pẹ̀lú abọ́, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan.

Ooru ni ọ̀tá tó le jù. Ajá kì í làágùn bíi tiwa; ahọ́n àti èémí ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Àpáta sì ń gba oòrùn bí agbada orí iná. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé òkúta fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè fara dà á, ẹ padà. Bí ahọ́n rẹ̀ bá yọ gbọọrọ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìrìn parí nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, pàápàá ikùn àti abíyá, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀, torí ooru á há sí i lára. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tààrà. Ajá onímú pẹlẹbẹ, ilé ni kó wà.

Bàbá, má jẹ́ kí ìgbéraga wa láti dé òkè pa ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Àmín.

Sísọ̀kalẹ̀ ṣòro ju gígun lọ, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ló ń gba ìwúwo ara ajá. Ẹ rọra. Bí òjò bá ti rọ̀, àpáta á máa yọ̀. Ẹ sún un di ọ̀la. Nílé, ẹ wo àárín ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀, etí, àti abẹ́ abíyá fún eégbọn. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ mú un níbi tí ẹnu rẹ̀ ti kan awọ ajá, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má da kẹrosíìnì lé e.

Olúwa, bá wa gòkè, bá wa sọ̀. Lé paramọ́lẹ̀ kúrò lọ́nà wa. Jẹ́ kí ajá yìí tún wá fi imú tútù jí wa lọ́la. Ní orúkọ Jésù. Àmín.