Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ di ọ́físà ṣọ́jà, ẹ má kánjú egungun yín

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ náà ẹ kú àárọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò mí láti ọ̀nà jíjìn. Pápá ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, aago mẹ́fà ò tíì lù, ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹ wo kánfáàsì mi bó ṣe tutù. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò lẹ́yìn mi yẹn, mẹ́tàlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló fẹ́ di ọ́físà, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bá irú wọn jí láràárọ̀. Èmi fúnra mi ò ṣe ṣọ́jà o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn. Bàbá wa kan ládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ló kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo fẹ́ sọ, èyí tó kù, ara àwọn ọmọ tí mo ti bá sáré ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀nà ná, torí ọ̀pọ̀ ló ń da méjì pọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rìkúrúùtì, Depot, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, bíi èyí tó wà ní Zaria, ló ń lọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ́ ọ́físà, Kàdúná ni tiẹ̀, NDA, ìyẹn Nigerian Defence Academy, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, JAMB lẹ máa ṣe, NDA lẹ máa mú sípò kìíní, ẹ ṣì tún máa gba fọ́ọ̀mù NDA fúnra ẹ̀, ẹ á ṣe ìdánwò tiwọn, ẹni tó bá yege ni wọ́n á pè sí Kàdúná fún èyí tí wọ́n ń pè ní AFSB, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n sì ń ṣe intafíù. Ọdún márùn-ún gbáko ni tẹ́ ẹ bá wọlé, mẹ́rin fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún iṣẹ́ ológun pọ́ńbélé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba dìgírì, tẹ́ ẹ ti sin ìjọba tán tẹ́ ẹ ti gba ìwé NYSC, DSSC, ọ̀nà tí àwọn tó ti gba dìgírì ń gbà di ọ́físà, ni kẹ́ ẹ máa wojú ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń lọ o, láti 2011 ni NDA ti ń gba obìnrin tó fẹ́ jẹ́ ajagun gan-an, méjì wà lẹ́yìn mi yẹn. Gíga tí wọ́n ń béèrè, ọkùnrin 1.68 mítà, obìnrin 1.65. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọn ara yín nílé kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀.

Nǹkan tí mo tìtorí ẹ̀ gbé kámẹ́rà jáde wá rèé.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, orúkọ ẹ̀ jáde lára àwọn tí wọ́n pè sí Kàdúná, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Inú ilé wa dùn lọ́jọ́ náà, ìyá wa jó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹni tí kì í sáré tẹ́lẹ̀ àfi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, ó ra bùútù tòkunbọ̀, ó bu yanrìn sínú báàgì ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, láti Tákìé ló ti ń gba etí títì lọ tó sì ń bọ̀, ojoojúmọ́ ni, kò sinmi. Lọ́sẹ̀ kejì èémí ẹ̀ ti balẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo wa pé òun ti ṣe tán. Lọ́sẹ̀ kẹta mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí arúgbó, ó ń fi ọwọ́ di ògiri mú. Mo ní kí ló dé, ó ní ojúgun ló ń ro òun, pé kò tó nǹkan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun náà láti ọrùn ẹsẹ̀, mò ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò dùn ún, kò dùn ún, bí mo ṣe dé ojú kan báyìí tí kò tóbi ju èékánná mi lọ, ó ké ó fa ẹsẹ̀ padà. Dókítà ní egungun ti ń sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní kó má sáré rárá. Ojú ẹ̀ ló ṣe tí AFSB ọdún yẹn fi kọjá lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wọkọ̀.

Mo sunkún. Torí mo wà nílé nígbà tó ń kó yanrìn yẹn, mo tún bá a di ẹnu báàgì.

Ẹ jẹ́ n wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ eré, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ́ra, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ẹ ò ní máa mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, iṣan náà á máa le. Egungun ní tiẹ̀ kì í kánjú. Egungun tẹ́ ẹ̀ ń wò bí òkúta yẹn, nǹkan ẹlẹ́mìí ni, tí eré bá ń gbá a lójoojúmọ́, ara á kọ́kọ́ wa èyí tó ti gbó kúrò níbẹ̀ kó tó fi tuntun dí i, bí bíríkìlà tó ń gbẹ́ ibi tó sán lára ògiri kó tó rẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ bá wá lọ gbé ẹrù lé ògiri náà lásìkò tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ tí wọn ò tíì rẹ́ ẹ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni egungun máa ń rọ̀ jù, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó le padà ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ wa jẹ nìyẹn, èémí á ti sọ fún wọn pé ó yá, egungun ò sì lẹ́nu tó máa fi sọ pé òun ò tíì ṣe tán.

Torí náà oṣù mẹ́fà ni mo ń bẹ̀ yín fún. Tí kò bá ṣeé ṣe, oṣù mẹ́rin. Ẹ má dúró dìgbà tí orúkọ bá jáde, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti pinnu lọ́kàn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni eré, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Oṣù àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú ogún péré, ẹ sáré ìṣẹ́jú kan ẹ rìn ìṣẹ́jú méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ ń rìn. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kẹrin kẹrin ẹ dín in kù kí ara rí àyè ṣe àtúnṣe. Orí yẹ̀pẹ̀ tàbí koríko ni kẹ́ ẹ ti sá a, ọ̀dà títì yẹn le fún ojúgun. Ibi tí à ń lọ ni 3.2 kìlómítà, eré tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọmọ ogun fi ń dán èèyàn wò. Pápá bọ́ọ̀lù bí irú èyí, ìyípo kan súnmọ́ mítà 350, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án ẹ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá sáré, press-up àti sit-up, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ rọ̀ mọ́ igi fa ara yín sókè. Ẹni tí kò bá lè ṣe press-up márùn-ún, kó fi ọwọ́ ti ògiri, tó bá yá kó lo bẹ́ǹṣì, á dórí ilẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ẹrù lẹ́yìn ńkọ́? Oṣù kẹrin ni, kílò márùn-ún ẹ fi bẹ̀rẹ̀, rírìn lẹ máa rìn in o, ẹ má fi sáré.

Tí gbogbo ojúgun bá ń ro yín gbẹ̀mbẹ̀rẹ̀, ẹ sinmi ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ìka lè tẹ̀, bíi ti àbúrò mi, ẹ má fi Robb ra á, ẹ má wá oníṣègùn tó máa fà á, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Bùútù yìí, Bàbá ṣọ́jà wa yẹn ló fún mi, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rí imú ẹ̀ bó ṣe ń dán, ojú mi ń hàn nínú ẹ̀. Bàbá kì í fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ibí yìí, òwú ló ń lo, á rẹ òwú sínú omi díẹ̀ á fún un gbẹ, á wá fi bu páálíṣì bíńtín, á máa fi yí kékeré kékeré lójú kan náà bí ẹni ń yí ẹ̀kọ díẹ̀ lórí iná, ó lè tó wákàtí kan lórí imú bàtà kan ṣoṣo. Mo bi í pé kí ló dé tó ń fi pẹ́ tó báyìí, ó ní wákàtí yẹn gan-an ni tréníǹgì náà. Ṣé ẹ gbọ́. Bùútù tuntun, ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ọ́ nínú ilé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ fọ ilé, fi pọnmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó fi rìn jìnnà. Èékánná ẹsẹ̀, ẹ gé e tààrà, ẹ má gé e wọnú. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá tutù, ẹ bọ́ ọ kíá. Tí gìgísẹ̀ bá lé ròrò, ẹ má bó awọ orí ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ bò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní gbójú fò láéláé, jẹ́nótáìpù. Ẹ lọ mọ tiyín. Nílẹ̀ wa níbí, nínú èèyàn mẹ́rin, ó máa ń súnmọ́ kí ẹnì kan jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó ní àbùdá fòníkú-fọlá-dìde kan lára. Ọ̀pọ̀ AS ń sáré láìsí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n tí ẹni tó jẹ́ AS bá já lu eré gbígbóná lójijì nínú oòrùn láìmumi tó, láìtíì mọ́ ọn lára, ó lè ṣubú, ó sì léwu gan-an. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín sáré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ tí kò gbé yín mọ́, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí pé ojú ń tì mí. Ní ti oòrùn fúnra ẹ̀, bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló ń gba ara kó tó mọ́ ọn, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú fáànù àti A.C., ẹ máa jáde síta díẹ̀díẹ̀. Oyé Kàdúná náà kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa, ẹ mú nǹkan òtútù dání tó bá jẹ́ Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní.

Ara nìkan kọ́ o. Ẹni tó bá ń sùn di aago mẹ́jọ, tí ìyá ń bá ṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyà máa jẹ ẹ́ ju ẹni tí kò lè sáré lọ. Ẹ máa jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ ṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, kẹ́ ẹ lọ aṣọ, kẹ́ ẹ jẹun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín ni kẹ́ ẹ jẹ. Mo mọ̀ pé ìlú tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni a ti wá, àmọ́ ọkà ò ní tẹ̀ lé yín débẹ̀. Ẹ gbé fóònù pamọ́ ní gbogbo Sátidé. Kẹ́ ẹ tún kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò ju yín lọ, níbí, a máa ń fi ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ṣe olórí fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ọmọbìnrin tó wọ fẹ́ẹ̀sì funfun yẹn, òun ló ń pàṣẹ lọ́sẹ̀ yìí, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́fà jù ú ló ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó kọ́kọ́ nira fún un gan-an, mo rí i lójú ẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá tíì fi ojú ara ẹ̀ rí bí àṣẹ ṣe ń dun ẹni tó ń gbà á, kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Fún AFSB, ẹ to ìwé yín jọ báyìí, sàtífíkéètì gangan, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìbílẹ̀ láti lókà gọ́fúmẹ́ǹtì yín, Àríwá tàbí Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín dájú. Fẹ́ẹ̀sì funfun tí kò ní ìkọ̀wé lára, ṣòkòtò kúkúrú aláwọ̀ búlúù, kánfáàsì. Ẹ máa ka ìwé ìròyìn sókè kétí yín gbọ́ ọ, ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì bára yín jiyàn, torí ẹni tó ṣe bí akọni lórí pápá tó wá ń kólòlò níwájú àwọn àgbà ọ́físà, àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí. Ẹ mọ ìtàn ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ọ̀gágun Benjamin Adekunle tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, Kàdúná yìí náà ni wọ́n bí i sí ní 1936, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá ẹ̀, Sandhurst nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gba tréníǹgì ọ́físà tiẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín pé taa ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹ má dákẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní slot tó fẹ́ tà fún yín, ẹ sá. Fọ́ọ̀mù NDA ni wọ́n ń sanwó sí, lórí ìkànnì wọn gangan, fọ́ọ̀mù DSSC àti ti rìkúrúùtì, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá kan ládùúgbò wa ta ilẹ̀ nítorí slot, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ò gbé fóònù mọ́ títí dòní.

Àbúrò mi ló ń mú kámẹ́rà yìí dání. Oṣù keje ẹ̀ rèé tó ti ń bá wa sáré, ó bẹ̀rẹ̀ látorí rírìn, Kàdúná ló tún ń retí báyìí. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ ẹ̀, mo ní màá sọ ọ́, ó gbà fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbé kánfáàsì yín sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ pọn omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá pé ogún ìṣẹ́jú, kódà tára bá ṣì ń dùn yín, ẹ dúró.