Bí A Ṣe Ń Fi Páálí Dán Nọ́ńbà Fibonacci Wò

Ẹ káàbọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, iṣẹ́ tí a ó sì jọ ṣe lónìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ wá páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, rúlà, sísọ́ọ̀sì, àti pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú dáadáa.

Ẹ kọ 1 sílẹ̀, kí ẹ tún kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni ẹ ó máa rò pọ̀ kí ẹ tó rí èyí tó kàn: 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, 89, 144. Orúkọ Fibonacci, ìyẹn Leonardo ará Pisa ní ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n fi ń pè wọ́n, nítorí pé ó fi wọ́n ka bí ehoro ṣe ń bí sí i nínú ìwé ìṣirò tó kọ lọ́dún 1202. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni kí a sọ pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà ti mọ̀ wọ́n ṣáájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka iye ọ̀nà tí a lè gbà to sílébù gígùn àti kúkúrú sínú ìlà ewì.

Ẹ mú mẹ́ta tó tẹ̀léra, bíi 5, 8 àti 13. Èyí tó wà láàárín, 8 lọ́nà 8, jẹ́ 64. Àwọn méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 5 lọ́nà 13, jẹ́ 65. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gé e. Ẹ ya onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ wọn 5 láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fa ìlà já a láti òsì dé ọ̀tún, kí apá òkè lè ṣẹ́ ku 3. Nínú apá òkè yìí, ẹ fa ìlà láti igun òkè lọ́wọ́ òsì dé igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Nínú apá ìsàlẹ̀, ẹ wọn 5 láti òsì lórí etí òkè, ẹ wọn 3 láti òsì lórí etí ìsàlẹ̀, kí ẹ so àmì méjèèjì pọ̀. Ẹ wá gé gbogbo rẹ̀: ègé mẹ́rin ni yóò jẹ́.

Ẹ fi etí 3 ti onígun mẹ́ta kan ti etí 3 ti ègé ńlá kan, kí etí 5 àti etí 8 wọn tò gún régé di 13. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì tó kù, kí ẹ yí i po, kí ẹ fi etí tó dagun ti ara wọn. Onígun mẹ́rin gbọọrọ, 5 lọ́nà 13, ló wà níwájú yín. Páálí tó jẹ́ 64 ti di 65!

Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹjú mọ́ àárín. Ẹ ó rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ láti igun dé igun, tí fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó fẹ̀ jù kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Etí onígun mẹ́ta ń gòkè 3 nínú 8, ìyẹn 0.375, etí ègé ńlá sì ń gòkè 2 nínú 5, ìyẹn 0.4, nítorí náà wọn kò lè bá ara wọn tò gún. Ẹyọ kan tó lé wà nínú ihò yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é ní kíláàsì, máákà ni mo fi fa ìlà, inkì náà bo ihò mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ sì gbà pé 64 àti 65 dọ́gba. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún un ṣe fún wọn.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ náà kì í fi í kọjá ẹyọ kan, mẹ́ta yòówù tó tẹ̀léra tí ẹ bá mú? Ẹ jẹ́ kí a pe nọ́ńbà méjì tó tẹ̀léra ní a àti b. Ìkẹta ni a+b. Ìyàtọ̀ wọn ni a(a+b) − b², ìyẹn a² + ab − b². Ẹ sún síwájú ní ìgbésẹ̀ kan: b, a+b, a+2b. Ìyàtọ̀ tuntun ni b(a+2b) − (a+b)², tó jẹ́ b² − ab − a². Iye kan náà ni. Àmì rẹ̀ nìkan ló yí padà. Nígbà tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 1, 2, tó fún wa ní 1, kò ní ibòmíràn láti lọ. Cassini, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló kéde èyí lọ́dún 1680.

Ẹ wá gé èyí tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 13, kí ẹ fi 5 àti 8 pín in. 13 lọ́nà 13 jẹ́ 169, 8 lọ́nà 21 sì jẹ́ 168: lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ègé náà yóò gun ara wọn láàárín, ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀ gan-an.