Àpótí Pé, Bàálù Ò Pé

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2023, ní ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tó wà ní Luke, ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n tún bàálù ogun F-35 kan ṣe, wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Bí wọ́n ṣe ń pa á ni wọ́n gbọ́ ariwo àjèjì. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbàgbé sí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn ló ti gbé mì. Ẹ́ńjìnnì tó tó mílíọ̀nù 14 dọ́là ni. Èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4.

Kì í ṣe pé wọn ò ní ètò. Inú dúrọ́ọ̀ àpótí irinṣẹ́ wọn, fóòmù ni wọ́n gé sí ìrísí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ mìíràn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí sípánà kan ò bá sí níbẹ̀, àyè rẹ̀ á yọ bí àlàfo eyín lẹ́nu ọmọdé. Wọ́n fín nọ́ńbà sára irinṣẹ́. Àkísà pàápàá, wọ́n ń kà á. Bí nǹkan kan bá dín, wọ́n á fi àmì X pupa sínú ìwé bàálù náà, kò sì ní fò títí wọ́n á fi rí i, tàbí títí ọ̀gá tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á fi fọwọ́ sí i pé kó máa fò.

Òótọ́ inú ni iléeṣẹ́ ogun òfuurufú wọn fi ṣáájú nínú ìlànà ìwà mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ ìsìn ṣáájú tara ẹni ló tẹ̀ lé e, kí iṣẹ́ ẹni sì dára dọ́ba ló ṣìkẹta. Lójú tèmi, àkọ́kọ́ yẹn ló gbé àwọn yòókù dúró. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ kan ní aago méjì òru, ó ti rẹ̀ ẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì, ò sí lójú àyè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀gá á jágbe. Ó lè ra irú rẹ̀ lọ́jà, kó tẹ̀ ẹ́ sínú fóòmù. Àpótí á pé, ìwé á pé, sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an á sì wà nínú ìyẹ́ bàálù. Fóòmù ò mọ irọ́. Ọ̀gá tó ń bú ẹni tó jẹ́wọ́, òun gan-an ló ń rán àwọn yòókù lọ sọ́jà.

Kì í ṣe ti ológun nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n fi ọ̀pá náílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì bàálù èrò A380 ti Qantas, iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Australia, ní Los Angeles. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ! Bàálù náà fò ní ìgbà 34, nǹkan bí wákàtí 294, kí wọ́n tó rí i. Àwọn olùwádìí Australia ní àwọn tó fọwọ́ sí i pé kó máa lọ mọ̀ pé ọ̀pá náà ti sọnù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọkùnrin kan dìde. Ó ní, “Bàbá, ṣé kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó sọ irinṣẹ́ nù ni?”

Mo ní, “Ẹ kọ́kọ́ bá a wá a ná.”