Etí Tó Wà Lára Àwo Jáàsì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí orin gbé wá. Àwo orin mẹ́ta ni mo mú dání. Ẹ lè máa gbà wọ́n wò láti ọwọ́ dé ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, etí àwo àti àárín rẹ̀ tí bébà wà ni kí ẹ dì mú. Ọ̀rá tó wà níka ọwọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú àwo, eruku a sì wá bá a níbẹ̀.

Plétì la máa ń pè é nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi ní ẹ̀rọ chẹ́ńjà kan tó máa ń ju àwo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbà! ọ̀kan lé èkejì. Jùjú àti àpàlà ló pọ̀ jù nínú àwo wọn. Ọ̀kan péré ló ti Amẹ́ríkà wá níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé Amẹ́ríkà ló ti wá, torí pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin nínú rẹ̀. Màá padà sórí àwo yẹn.

Kó tó di 1948, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ni ojú àwo kan máa ń gbà. Olórin jáàsì kan ò tíì gbóná tán tí àwo fi ń parí. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ Columbia gbé èyí tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan jáde, tí ojú rẹ̀ kan ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni afunfèrè wá ráyè sọ tẹnu rẹ̀ tán, tí onílù náà dá a lóhùn, tí a ń gbọ́ ọ nínú pálọ̀ bí ẹni jókòó tì wọ́n.

Ẹ gbé àwo iléeṣẹ́ Blue Note yìí sábẹ́ iná. Alfred Lion tó wá láti Berlin ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní New York ní 1939. Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà tó wà láàárín, ojú dúdú dídán kan wà tí kò ní orin nínú. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí iná lè bọ́ sí i. Ẹ ó rí nọ́ńbà, ẹ ó rí lẹ́tà RVG, ẹ ó sì rí àmì kékeré kan tó dà bí etí ènìyàn.

RVG ni Rudy Van Gelder. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ló fi ń jẹun. Nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, New Jersey, ló ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀, kó tó kó lọ sí Englewood Cliffs ní 1959. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ orin sára àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tẹ ìyókù. Àmì etí yẹn ńkọ́? Lẹ́tà P ni, tí wọ́n fọwọ́ kọ, P ti Plastylite, iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwo fún Blue Note. Ní 1966, lẹ́yìn tí Blue Note bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Liberty, Plastylite ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, etí sì pòórá. Nítorí náà, àwọn tó ń kó àwo jọ kárí ayé, etí yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, òun ló sì ń sọ iye tí wọn yóò san.

Èmi náà wá a. Mo ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé àkọ́tẹ̀ ni, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tó dé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò sí etí. Inú bí mi débi pé mo fi í sínú páálí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lóru ọjọ́ kan tí oorun ò kùn mí, mo nù ún, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ohùn báàsì wọlé, ó kún yàrá, ó mọ́ lóló. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bínú sí àwo tí mi ò tíì gbọ́.

Mi ò ní kí ẹ má wá àkọ́tẹ̀ o. Iṣẹ́ ọwọ́ Van Gelder dùn ún gbọ́, mo sì máa ń yọ̀ bí mo bá rí i. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé àwọn àwo kan wà láàárín àwọn àwo jáàsì tó jẹ́ pé etí tiwa, etí ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń wá láti ọgọ́ta ọdún ó lé.

Ẹ wo èyí: The African Beat, Blue Note 4097. Art Blakey, onílù jáàsì, ló ṣe é ní January 1962. Onílù ló pọ̀ jù níbẹ̀, Yusef Lateef ń fun fèrè, Solomon Ilori, ọmọ Nàìjíríà, sì ń kọrin. Àdúrà Ilori ni wọ́n fi ṣí àwo náà. Blakey yìí kan náà ló máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ awọ ìlù kí ohùn rẹ̀ lè gòkè. Àyàn tó ń fún ọṣán gángan mọ ohun tó ń ṣe. Wàyí o, ẹ ka àkọlé orin tó tẹ̀ lé àdúrà: Ife L'Ayo. Wọn ò fi àmì kankan sí i. Ẹni tí ò gbédè rí lẹ́tà mẹ́ta. Àwa rí ìfẹ́, a rí Ifẹ̀, a rí ife tí a fi ń mu omi, a sì dúró de ẹnu olórin kó tó dá wa lójú. Òmíràn ni Ero Ti Nr'Ojeje. Ṣé èrò ọkàn ni, àbí ẹ̀rọ, àbí èrò ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ "ń re" ló tú u fó: ẹni tó ń rìn ló ń re ibì kan.

Ní 1963, Ilori ṣe tirẹ̀ fún Blue Note, African High Life, nọ́ńbà 4136. Orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Jojolo. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé ká wo ọmọbìnrin arẹwà yìí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó máa gbọ́ jòjòló tí kò ní rántí ìkókó tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, tí a ń rọra gbé? Ẹwà nìkan kọ́ ni olólùfẹ́ ń yìn, ó ń kẹ́ ẹ bí ẹni kẹ́ ọmọ tuntun. Ìyẹn ò sí lẹ́yìn páálí. Bí mo bá dárúkọ Ise Oluwa tó wà lórí àwo kan náà, kí n tó sọ ohun kan sí i, gbogbo gbọ̀ngàn yìí á ti gbè é.

Èyí tó ti gbó jù yìí ni ti bàbá mi: Drums of Passion, Columbia, 1960. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló ṣe é. Ìlù àti ohùn ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe jáàsì gan-an, ṣùgbọ́n àwọn olórin jáàsì gbọ́ ọ, wọn ò sì gbàgbé. John Coltrane, afunfèrè jáàsì, sọ orin kan ní Tunji ní 1962. Ní 23 April 1967, ilé àṣà Olatunji ní Harlem ni Coltrane ti ṣeré, Coltrane sì kú ní July ọdún náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin Oya lára àwo yìí, wọ́n kọ ìtumọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì: iná àwọn aláìlajú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá kà á. Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dá igi lókè lókè, tó ni odò ńlá! Bí a bá tiẹ̀ ní ó bá Ṣàngó ọkọ rẹ̀ dé ìdí iná, èwo ni ti àìlajú níbẹ̀? Gbogbo ẹni tó ra àwo náà ní Amẹ́ríkà ló ka ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó wà nítòsí láti sọ fún wọn.

Olatunji náà tún wà nínú iṣẹ́ tí Max Roach, onílù jáàsì, ṣe lórí òmìnira ní 1960, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú òmìnira Nàìjíríà. Abbey Lincoln, akọrin, ń dárúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà, Olatunji ń fi ọ̀rọ̀ lórí òmìnira dá a lóhùn, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú ìdáhùn rẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lókè òkun mọ̀ pé ohùn náà wúwo. Àwa lè mọ ohun tó sọ.

Mi ò sọ pé àwa la ni jáàsì o. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló bí i, ìyà tí wọ́n jẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa tó wà nínú àwo mélòó kan ni mo ń sọ.

Ẹ tọ́jú èyí tó bá wà nílé yín. Ìnàró ni kí ẹ tò wọ́n sí, torí pé bí wọ́n bá gorí ara wọn, wọn yóò tẹ̀. Oòrùn tó ń wọlé láti ojú fèrèsé ti tó láti ba àwo jẹ́. Bí ẹ bá ń nù ún, ẹ tẹ̀ lé ipa ilà rẹ̀ yíká, ẹ má nù ún ní ìbú. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ irin ti gírámafóònù àtijọ́ lé e láéláé, yóò hú orin kúrò nínú rẹ̀ ni.

Mo ní ìwé kan tí mo là sọ́nà mẹ́ta. Apá òsì ni mo kọ àkọlé sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àárín ni ìtumọ̀ tí wọ́n fún un, apá ọ̀tún ni mo fi àmì ohùn sí i lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, bírò wà lórí rẹ̀. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ní irú plétì bẹ́ẹ̀ nílé, kó kọ àkọlé rẹ̀ síbẹ̀ kó tó lọ.