Kẹ̀kẹ́ ìdíje àdásá: ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Ẹ wo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìdíje láti iwájú. Orí, èjìká àti itan lẹ rí. Férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Nínú ìdíje àdásá, níbi tí oníkálukú ti ń dá sáré bá aago, kò sí ẹni tó ń bá yín gé atẹ́gùn níwájú, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdènà atẹ́gùn ló sì ń wá láti ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Férémù olówó gọbọi tí kò jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ ba, owó ṣòfò ni.

Lọ́dún 1989, Greg LeMond fi ìṣẹ́jú àáyá 50 wà lẹ́yìn Laurent Fignon nígbà tí àdásá tó kẹ́yìn Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 24.5 láti Versailles wọ Paris. LeMond ní ọwọ́ ìgbápálé, ọ̀pá tó yọ síwájú tí èèyàn ń gbé apá lé kó lè tẹ̀ ba, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Fignon ò ní. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni LeMond fi borí.

Ẹ má gba «medium» tàbí «large» lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ẹ bèèrè stack àti reach ní mìlímítà. Láti àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí, gíga dé orí páìpù tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni stack. Bó ṣe jìnnà síwájú ni reach. Páìpù ìjókòó kẹ̀kẹ́ ojú títì máa ń wà ní nǹkan bíi dìgírì 73. Ti àdásá, 76 sókè, kí itan má baà máa gún ikùn bí ẹ bá tẹ̀.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe mọ́ ọrùn tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ lódindi wuni lójú, àmọ́ tó bá gùn jù, odidi lẹ máa pààrọ̀. Bíréèkì tó sá pamọ́ sábẹ́ pẹ́dà burú jù: eruku ọyẹ́ àti erùpẹ̀ pupa á kún ibẹ̀, wáyà rẹ̀ sì gba inú férémù. Ẹ kọ́kọ́ bi atúnkẹ̀kẹ́ṣe yín ní Ifẹ̀ bóyá ó lè tú u.

Lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ilẹ́ṣà, bí tírélà bá ya yín sílẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ lè gbá ríìmù iwájú tó jìn ní mìlímítà 80 yí mọ́ yín lọ́wọ́. 50 sí 60 tó. Ẹ̀yìn lè jìn jù bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló ń darí. Ẹ wò ó bóyá táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 28 wọlé; ọ̀pọ̀ férémù àtijọ́ ò gbà ju 23 tàbí 25 lọ, kòtò kan á sì gé tíúbù.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fa ọ̀pá ìjókòó yọ pátápátá kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pá pẹlẹbẹ yẹn kì í sábà bá férémù míràn mu, tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ inú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.